Abẹ́rẹ́ Kì í Ṣe Mímì

Ọdún tí orúnkún mi kọ̀ láti wọ ọkọ̀ ojú omi mọ́,
mo jókòó sójú fèrèsé bí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé síná.
Kùrukùru Niufaundilandi bo ilé Sáílásì ẹ̀gbọ́n mi,
ó ṣí i, ó tún bò ó.
Mo ń ka ìgbì òkun. Mo kà á títí mo fi ṣìkà.

Ìyàwó mi ló sọ̀kò ọ̀rọ̀:
"Leándà, bí o bá tún wo òkun yìí lẹ́ẹ̀kan sí i,
yóò ní kí o wá san owó ìwòran.
Filomínà ń kọ́ni ní kúbùsù àránpọ̀ ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì.
Dìde."
Dọ́kásì lorúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀,
bíi ti ìyá inú Bíbélì tó ń ránṣọ fáwọn opó,
àmọ́ tèmi ò lè rán bọ́tìnì kan mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì.

Mo wọlé. Obìnrin méje gbójú sókè,
abẹ́rẹ́ méje dúró lófuurufú.
Ọwọ́ tó fa àwọ̀n fún ogójì ọdún,
tí okùn àtiyọ̀ ti sọ di èèpo igi,
ni wọ́n fi ègé aṣọ pupa kan há,
onígun mẹ́ta, kò tó ewé ọsàn.
Mo gún àtàǹpàkò. Mo ṣépè nílé Olúwa.
Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ:
ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé adìẹ ni mí.

Ṣùgbọ́n nígbà tó di pé ká so òwú,
mo ta kókó tí a fi ń tún àwọ̀n ṣe.
Filomínà fà á, kò tú.
Ó fi eyín fà á, kò tú.
Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní,
"Ta ló ń fi ọ́ pamọ́ látọjọ́ yìí?"

Aṣọ tí a fi ń gbé ìkòkò gbígbóná ni mo kọ́kọ́ rán parí.
Igun kan ń wo ìlà oòrùn, èkejì ń wo ilé ọtí.
Mo fún Sáílásì ní Kérésìmesì.
Ó yí i sókè, ó yí i sódò:
"Ṣé fìlà ni, àbí ìbọ̀sẹ̀?"
Ó fi nu epo ẹ́ńjìnnì lójú mi kòrókòró.
Mi ò fèsì. Mo lọ sílé lọ ra òwú sí i.

Yìnyín dé, ó di ìloro pa. Iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta.
Mo ń fi àbẹ́là gé, mo ń tò, mo ń tú, mo ń rán:
kọ́tìnì ilé ìwé tí wọ́n tì,
épúrọ́ọ̀nù tí Dọ́kásì fi ń la ẹja nílé iṣẹ́,
ìtẹ́nú kóòtù bàbá mi.
Ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ bá tọ̀ lòwú ń tọ̀;
èmi náà ń wọ́ tẹ̀lé wọn,
mi ò ka ìgbì mọ́.

Késáyà ni mo rán an sí, ọmọ ọmọ mi, ọmọ oṣù méjì,
níbi táwọn òbí rẹ̀ ti ń wa epo, lọ́hùn-ún, níwọ̀ oòrùn.
Àwòrán dé: ó ń fi oorun jẹ igun kan lẹ́nu.
Mo fi awò wò ó dáadáa. Kóòtù bàbá mi ni.
Ọkùnrin tí kò gbé ìkankan nínú wa rí,
ẹ wò ó lẹ́nu ọmọ.

Oṣù kẹrin. Kùrukùru.
Sáílásì kan ilẹ̀kùn, ẹni tí kì í kanlẹ̀kùn.
Ó gbé àpò ọ̀rá kan sórí tábìlì:
ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ mẹ́ta, ó ti fọ̀ wọ́n, ó ti lọ̀ wọ́n.
"Mo gbọ́ pé o ń wá aláwọ̀ búlúù."
Ojú rẹ̀ wà lójú òkun.
Nísàlẹ̀ àpò, aṣọ ìgbékòkò mi,
àbàwọ́n epo ṣì wà lára rẹ̀.
"Igun yìí wọ́," ó ní. "Kò jẹ́ kí n rí ìkòkò dì mú."

Mo ti ìjókòó kan sí i.
Mo ní kó bá mi di etí ibí yìí mú,
kó má fà á,
kó kàn dì í mú.