Ariwo Kì Í Ṣe Òtútù

Mo ti ibi iṣẹ́ òru dé ní aago mẹ́jọ,
ẹsẹ̀ mi wú, ojú mi pọ́n bí ata.
Oòrùn ti ṣáájú mi dórí bẹ́ẹ̀dì.
Luton, nínú oṣù Keje! Ta ni yóò gbà gbọ́ nílé?
Nítorí òtútù ni wọ́n ṣe mọ bíríkì ilé yìí;
bó bá ti gba ooru mọ́ra, kì í tú u sílẹ̀,
ó dì í mú bí ahun ṣe ń di owó mú.

Ẹ̀rọ amúlétutù, àlòkù tí mo rà nígbà ooru èsí,
ń ké wùù, ó ń gbọ̀n jìgìjìgì.
Mo fà á sí méjìdínlógún, mo fà á sí mẹ́rìndínlógún.
Ó ń pariwo bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú,
àmọ́ atẹ́gùn ẹnu rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́wọ́.
Mítà ń jẹ owó. Mítà nìkan ló yó.

Mo pe Bùrọ̀dá Ọ̀jẹ́wálé,
tó ń tún fíríjì ṣe ní Ìkìrun
kó tó di pé ilé ìtajà ló ń ṣọ́ níbí.
"Rọ́bà ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́?"
Ó ká kò lẹ́yìn kọ́tìnnì bí ejò tó sùn;
mo fọwọ́ kàn án, ó jó mi.
"Fèrèsé ńkọ́?"
Àyè ẹ̀gbẹ́ rọ́bà gba ológbò méjì.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.
"Apẹ̀rẹ̀ lo fi ń pọn omi, àbúrò.
Ooru tí o lé jáde, kò tíì dé títì tó fi padà wọlé.
Yọ asẹ́ rẹ̀ wò."

Mo yọ ọ́. Mo dákẹ́.
Eruku dì í pa, àti irun,
irun aláwọ̀ àlùkò tí mo fi dirí fún Ìbídùnní
lálẹ́ tó kù ọ̀la kó lọ sí yunifásítì ní Hull,
ọmọ tí kì í pè àfi tówó bá tán.

Mo fọ asẹ́ nínú báàsì.
Mo na rọ́bà, mo fi páálí iṣu dí fèrèsé,
mo ká táwẹ́ẹ̀lì sí abẹ́ ilẹ̀kùn.
Mo ya fọ́tò irun náà, mo fi ránṣẹ́ sí i:
*Ìwọ lo fẹ́ fi ooru pa mí.*

Yàrá ò tutù bíi ti báńkì.
Ó ṣáà tutù tó ẹni tí yóò sùn.
Fóònù dún. Hull ni.
Ó ń sọ̀rọ̀ lọ, ó ń rẹ́rìn-ín lọ,
mo gbé e lé àyà,
n kò mọ ibi tó parí ọ̀rọ̀ sí.