Má Tíì Dúpẹ́

Bàbá, ẹ jókòó. Ó ku ọ̀la, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe.
Èmi ni akọ̀wé Abéré, ẹ̀yin ni ẹ̀yin.
Mo ní, "Bàbá, ara ńkọ́?"
Ẹ ní, "A dúpẹ́."
Ẹ̀ẹ̀kan sí i. "Ara ńkọ́?"
"Àlìámúdùlíláì, ọmọ mi. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Bí ẹ ṣe sọ ọ́ lọ́dún tó kọjá nìyẹn.
Ọmọbìnrin orí àga yẹn rẹ́rìn-ín,
ó tẹ báírò mọ́ ìwé: ara rẹ̀ le, ó ń rìn.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, èsì dé, ìlà méjì péré.
Wọ́n kọ̀.
Ẹ ní kí n kà á lẹ́ẹ̀kejì. Mo kà á.
Ẹ tún ní, a dúpẹ́.

Mi ò bá yín jà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi
pé a kì í fi gbogbo ẹnu sọ ìrora lójú àlejò,
pé ẹni tó kí ni kò wá gbọ́ ẹjọ́ eegun.
Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù kì í kí ènìyàn, Bàbá.
Kò mọ ilé wa ní Òkè-Báálẹ̀.
Bó bá ní "ara ńkọ́", ara gan-an ló ń bèèrè.

Ẹ sọ ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí bẹ́ẹ̀dì ṣẹ́gun yín,
tí ẹ jókòó sétí rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n pèrun àsùbáà
títí omi ìwẹ̀ fi tutù nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì.
Ẹ sọ ti àtẹ̀gùn mẹ́ta ẹnu ọ̀nà,
bí ẹ ṣe ń fi ìdí wọ́ kọjá wọn bí ọmọ tí kò tíì rìn.
Ẹ sọ pé Múrí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló ń bá yín fa ṣòkòtò,
pé ẹ máa ń kọjú sí ògiri.

Ọjọ́ tí ẹ rìn dé Ọláìyá ńkọ́?
Ẹ sọ ọ́. Òótọ́ ni.
Kí ẹ sì sọ ọjọ́ mẹ́rin tó tẹ̀lé e, tí ẹ kò dìde.

Mo ti di gbogbo ìwé sínú ọ̀rá.
Lẹ́tà dókítà Asùbíaró rèé. Ẹ̀mẹta ni mo lọ.
Ti àkọ́kọ́ kàn ní, "Ìbàdí ń dùn ún."
Mo ní, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kọ ohun tí kò lè ṣe mọ́.
Ó wò mí títí. Ó tún báírò fà yọ.
Káàdì ilé-iṣẹ́ irin wà níbẹ̀, irun yín dúdú nínú fọ́tò.
Kàlẹ́ńdà mọ́sálásí náà wà níbẹ̀:
àmì pupa wọ̀nyẹn, ọjọ́ tí ẹ ṣubú ni.
Mọ́kànlá. Ẹ ò mọ̀ pé mo ń kà á.

Inú bí yín pé fọ́ọ̀mù pè yín ní àkàndá ẹ̀dá.
"Ta ní ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Mùfútáù lorúkọ mi. Mo gbé irin!"
Ẹ gbé irin, Bàbá. Ogún ọdún.
Ní ọjọ́ kan, irin gbé yín ṣánlẹ̀.

Bí wọ́n bá tún kọ̀, a ó tún kọ.
Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi: kọ̀, kọ.
Ohùn kan ṣoṣo ló yà wọ́n.
Mo ti ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sábẹ́ àpótí,
mo sì ti mọ orúkọ akọ̀wé náà.

Ó yá, ìgbà ìkẹyìn, kí iná tó lọ.
"Bàbá, ara ńkọ́?"

Ẹ wo ẹsẹ̀ yín. Ẹ wò mí.
"Sìdí," lẹ wí, "ó ń dùn mí."

Ọdún mẹ́jọ, n kò gbọ́ ọ rí.
Báírò bọ́ lọ́wọ́ mi.
Mo gbàgbé pé èmi ni akọ̀wé.