Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo fún Iná

Séńtì méjìdínlógún lórí ọ̀rọ̀ kan
ni ọ́fíìsì ìlú Hamilton ní àwọn yóò san
kí n túmọ̀ ìwé pélébé kan sí Yorùbá:
ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́ sẹ́bàá èbúté,
tí yóò máa jẹ pàǹtírí, tí yóò máa su mànàmáná.
(Kì í ṣe bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn.)

Wọ́n ya ewé tútù sójú ìwé náà,
wọ́n ya ọmọdé tó ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ pé,
wọ́n ya páìpù gíga kan tí kò rú èéfín.
Páìpù yẹn ni mo kọ́kọ́ wò.

Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni mo ti há.
Bí mo bá kọ ọ́ pé wọ́n fẹ́ dáná sun ìdọ̀tí,
Ìyá Fadérera ní àjà kẹfà
yóò ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa, yóò fi aṣọ dí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn.
Bí mo bá kọ ọ́ pé ìdọ̀tí yóò fún wa níná,
yóò pàtẹ́wọ́, yóò kígbe, "Iná ti dé!"
bí ẹni tó ṣì wà l'Ọ́fà lọ́dún tí tiransifọ́mà wọn jó.
Iná kan náà ni.
Èyí tó ń jóni, èyí tó ń tàn fúnni,
èdè mi kò yà wọ́n nípàá.

Ní Túsìdeè, nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé,
Ọ̀gbẹ́ni Prentiss fi àwòrán han ara ògiri.
Náánógíráàmù báyìí, náánógíráàmù bẹ́ẹ̀.
Ó ní ewu rẹ̀ kò tó ti ẹni tó ń yan ẹran lẹ́yìnkùlé.
Piroska Szabó dìde, ó di ẹ̀yìn àga mú:
"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n wí fún ọkọ mi
nílé-iṣẹ́ irin. Ikọ́ ló pa á."
Prentiss ti ka iye mìíràn kó tó jókòó tán.
Kì í ṣe iye yẹn ló ba gbọ̀ngàn náà jẹ́.
Kò jẹ́ kí ìyá àgbà jókòó ni.

Lóṣù kejì, wọ́n rán ẹlòmíràn wá,
Darlene Thibeault, tó ń ṣọ́ ààrò irú ẹ̀ níbòmíràn.
Kò gbé àwòrán wá. Ó gbé ìgò jáàmù kan wá,
eérú ló kún inú rẹ̀, ó ní ká máa gbé e kiri.
"Garawa mẹ́rin tẹ́ ẹ bá sun, ọ̀kan á ṣẹ́ kù báyìí."
Ìgò náà wúwo ju bí mo ṣe rò lọ.
Ẹnìkan bi í: "Lógún ọdún sí i ńkọ́, ẹ̀dọ̀fóró wa?"
Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Mi ò mọ̀.
Ohun tí mo mọ̀ ni ohun tí à ń wọ̀n lójoojúmọ́,
màá sì fi ìwé rẹ̀ hàn yín, títí kan ọjọ́ tó burú."
Gbọ̀ngàn dákẹ́. Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́.
Ẹni da eérú leérú ń tọ̀: ó wá sí mi lẹ́nu,
n kò rí Gẹ̀ẹ́sì tí yóò gbé e.
Piroska gbé ìgò náà sórí itan rẹ̀ títí ìpàdé fi tú.
Ó ṣì dìbò bẹ́ẹ̀ kọ́.

Mo délé, mo pa gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ́.
Mo kọ ọ́: Iná tí ń jó ni, iná tí ń tàn náà ni.
Ọ́fíìsì dá a padà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ mọ́kànlá ti pọ̀ jù,
ṣé n kò lè mú ọ̀kan?

Lóru ọjọ́ yẹn mo gbé àpò dúdú sọ̀kalẹ̀ sínú yìnyín:
èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ike mílíìkì, pámpá ọmọ.
Ní Fúráìdeè, ọkọ̀ yóò gbé e lọ síbi kan
tí wọ́n ti ń bò ó mọ́lẹ̀.
N kò débẹ̀ rí.
Kò sẹ́ni tó fún mi ní séńtì kan
láti túmọ̀ ibẹ̀.