Iyọ̀ Tó Ń Ṣọ́ Ọ̀run

Ní Họ́ńtífìlì, ní Alabámà,
ilẹ̀ pọ́n bíi ti oko bàbá mi ní Ìlá.
Òjò rọ̀ mọ́jú; ẹrẹ̀ lẹ̀ mọ́ bàtà mi,
mo bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà, mo wọ aṣọ funfun,
mo wọ yàrá tí ọ̀rinrin ò gbọdọ̀ bá mi wọ̀.

Nítorí iyọ̀ ni à ń tọ́ níbẹ̀.

Ìbátan iyọ̀ ọbẹ̀ ni, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò:
ó mọ́ gaara, ó fẹ̀ tó àwo ọmọdé,
ó nípọn bí ìka kan.
Bí èémí bá kàn án, á ṣe bàìbàì bí ojú àgbà.
Ìyá mi a máa gbé ìkòkò iyọ̀ sórí àjà, lókè iná,
kí oṣù Agẹmọ má baà sọ ọ́ domi.
Iṣẹ́ kan náà ni. Àjà tèmi ló kàn ga jù.

Verlene Tidmore ló kọ́ mi bí a ṣe ń dán an.
Ọgbọ̀n ọdún ló fi jókòó ti àpótí onígíláàsì yẹn,
apá méjèèjì nínú ìbọ̀wọ́ dúdú,
bí ẹni ń gbẹ̀bí ọmọ tí kò gbọdọ̀ fara kàn.
"Rọra, Débọ̀." ("Gbá" há a lẹ́nu,
ó ti gé orúkọ mi lórí, mo ti dárí jì í.)
"Rọra. Ẹni tó ń kánjú kì í rí ohun tó ń kánjú bọ̀."

Ìyá mi bi mí lórí fóònù: kí lẹ fẹ́ fi iyọ̀ wò?
Mo ní, Màámi, ìràwọ̀ kan kú.
Ó ti kú kí ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ tó di ilẹ̀,
igbe tó ké ṣì ń bọ̀ lọ́nà.
Ìmọ́lẹ̀ ni igbe náà, tí ojú ò rí,
tí dígí ò lè dá padà,
tó ń gba inú irin bí ẹni gba inú èéfín.
Nígbà mìíràn kò pẹ́ tó kéèyàn sín.
Òfúrufú ni kì í jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ wa, oore ńlá ni,
òun náà ló jẹ́ ká gbé iyọ̀ kọjá òfúrufú.
Bó bá bọ́ sínú iyọ̀, iyọ̀ á ṣẹ́jú bíi tanátaná,
ẹ̀rọ ẹ̀yìn rẹ̀ á sì kà á.
Méjìlá la ṣe, olúkúlùkù kọjú sí igun tirẹ̀;
èyí tó bá ṣẹ́jú jù ló ń júwe ilé olóòkú.

Ó dákẹ́ títí. "Ṣé ó ti kú tán,
kí lẹ tún wá ń wá?"
Mo ní, ká lè mọ̀ pé ó kú ni.
"Ìyẹn dáa," ló wí.

Ìkẹwàá sán mọ́ mi lọ́wọ́.
Mo gbé e kúrò nínú òtútù bọ́ sínú ooru, wàràwàrà.
Ó dún ké. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan là á já.
Verlene ò bá mi wí. Ó mú mi jáde,
ó bu tíì oníṣúgà sínú ìdérí fúláàsì rẹ̀ fún mi,
a sì jọ wo ibi tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí, láìsọ̀rọ̀.

Kí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbéra, ojú rẹ̀ mú un kúrò lẹ́nu iṣẹ́.
Bàìbàì, òun náà.

Lálẹ́ àná, ní aago mẹ́ta kọjá, fóònù mi ké:
nǹkan ti ṣẹ́jú lókè.
Mo pè é. Kò bínú pé mo jí i.
"Èwo ló ṣẹ́jú jù?"
Ìkẹta.
Ó rẹ́rìn-ín, ohùn oorun ṣì wà nínú ẹ̀rín náà:
"Èyí tí mo dán lọ́jọ́ ìjì, tí fèrè ń ké káàkiri ìlú,
tí gbogbo yín sá lọ sábẹ́ ilẹ̀."

Mo jáde síta láìwọ bàtà.
Òjò tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán.
Kó máa rọ̀.
Iyọ̀ ò sí nílé.