Ìlù Onígun Mẹ́rin

Ẹ má bi mí léèrè ẹni tó kọ́kọ́ lù ú.
Ní Pópó Àgùdà, ilé mẹ́ta ló ń du ú.
Èmi gbọ́ ti bàbá bàbá mi, Bẹnitò káfíńtà:
pákó tó ṣẹ́kù lára pósí ọlọ́tí kan,
tó kéré fún àpótí ìjókòó,
tó dára ju igi ìdáná lọ,
ló fi kan igun mẹ́rin, ó na awọ ewúrẹ́ sí i,
ó to ìṣó yí i ká bí ẹni ń ṣẹ́ etí aṣọ.

Àwọn àgbà wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín.
“Bẹnitò, ṣé fèrèsé lò ń lù ni?”
Ó ní fèrèsé ni. Ẹ yọjú.

Sàńyà, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, fi ayùn sáàárín orúnkún,
ó tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ, ó ń fi ọ̀bẹ ha eyín rẹ̀,
irin ń ké bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú.
Ìlù ní kó, kó, kó,
ó dákẹ́.
Ibi tó ti dákẹ́ yẹn
ni àwọn obìnrin tó ń ti ìdí ẹ̀rọ omi bọ̀ ju ìdí sí.
Omi dànù. Kò sẹ́ni tó sọ pé omi dànù.

Sàńyà ríṣẹ́ ní Lókò, ní Èbúté Mẹ́ta.
Ó gba orí afárá kọjá, ìlù lórí bí àtẹ.
Lọ́sàn-án ó ń tún ìjókòó rélùwéè ṣe,
lálẹ́, ilẹ̀ àgbàlá kì í gbádùn.
Kí ó tó dé Mùṣín, wọ́n ti fi agogo sí i.
Ẹnìkan fi gìtá sí i.
Ẹnìkan yọ ayùn kúrò, ó ní ó ń mú eyín kan òun.
Orúkọ rẹ̀ yí padà lójú ọ̀nà bí ìyàwó.
Bẹnitò fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ nínú asọ̀rọ̀mágbèsì,
ó ní, “Ta ló ni eléyìí? Ó dùn o.”
Títí dòní, a ò mọ̀ bóyá ó ń ṣẹ̀fẹ̀.

Ìlù náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi.
Òun ni mo fi ń dá ilẹ̀kùn dúró tí ọyẹ́ bá dé.
Awọ ti ya. Ikán ti jẹ igun kan.

Lánàá mo ń gun àkàsọ̀ bọ̀ tèmi ti garawa omi,
ọmọ òkè wa, Ìbídàpọ̀, tẹ fóònù rẹ̀,
ijó tuntun kan bẹ́ síta,
ẹsẹ̀ ń yọ̀, èjìká ń jábọ́:
kó, kó, kó,
ó dákẹ́.

Mo di garawa mi mú.