Wọ́n Kọ̀wé sí Bàbá Mi

Lẹ́tà dé lọ́jọ́ Túsìdeé, nínú àpòòwé funfun.
Orúkọ bàbá mi ni wọ́n kọ sí i gàdàgbà:
Bùsárì Akínwándé Ọlọ́jẹ̀dé, Agbo Ilé Ẹlẹ́sin, Òṣogbo.
Ọdún kẹta rèé tí a ti sin ín sí Ìlobù.
A ti ṣe fìdáù, a ti pín aṣọ rẹ̀,
fìlà kan ló kàn mí, fìlà kan àti Píjò.

"Ẹ̀yin Bùsárì," ni lẹ́tà wí,
"ẹ gba iná pupa kọjá ní Ọlá-Ìyá
ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, ìdájí Jímọ̀.
Ẹ san owó ìtanràn kí ọjọ́ mẹ́rìnlá tó pé."

Bàbá mi!
Ẹni tó wa Píjò fún ọdún mọ́kànlélógójì
láti Òṣogbo sí Ìkìrun, láti Ìkìrun sí Ọ̀fà,
tí kò gbá adìẹ rí.
Ẹni tó ń dúró de ewúrẹ́ bí ẹni ń dúró de ìyàwó tuntun,
tí èrò ẹ̀yìn á máa pariwo, "Bàbá, ṣé ẹ ti sùn ni?"
á ní, "Ẹni tó bá ń kánjú, kó bọ́ sílẹ̀ kó máa sáré."
Òun ni kámẹ́rà wá pè ní arúfin,
lẹ́yìn tó ti lọ síbi tí wọn kì í ti í tan iná mọ́tò.

Èmi ni mo wa á.
Mi ò ní purọ́. Mi ò gbé aboyún, mi ò gbé aláìsàn,
mi ò tilẹ̀ sáré lọ bá ìrun.
Ọ̀nà dá ni. Ọyẹ́ ń fẹ́.
Ajá kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ afárá.
Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì,
mo ní ta ló ń wò mí.

Láyé ìjọ́sí, Sájẹ́ǹtì Ọ̀ṣúnkúnlé ló ń dúró níbẹ̀ yẹn,
ìbọ̀wọ́ funfun, ikùn rìbìtì.
Ó mọ bàbá mi, ó mọ ọdún tí mo fìdí rẹmi nílé ìwé.
Bí o bá ṣẹ̀, á fọn fèrè, á wò ọ́ lójú,
ìwọ náà á wò ó, ẹ ó jọ mọ ohun tí ẹ mọ̀.
Ojú lọ̀rọ̀ wà.
Èyí tó wà lórí òpó yìí, ojú ni gbogbo ara rẹ̀,
kò sì ní ojú tí ènìyàn lè wò kó bẹ̀ ẹ́.
Kò gba ẹ̀gúnjẹ, mo gbà.
Kò gba "ẹ jọ̀ọ́" náà.

Mo gbé lẹ́tà dé ọ́fíìsì wọn ní Òkè-Fìà.
Obìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ní, "Ẹni tó ni mọ́tò dà?"
Mo ní ó wà ní Ìlobù.
"Ẹ pè é wá."
Mo ní ìpè kan ṣoṣo tó kù tí yóò jẹ́, ti Ìsìráfílù ni.
Kò rẹ́rìn-ín. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ mi:
"Ta wá nìyí?"

Mo wò.
Àwòrán dúdú òun funfun, gíláàsì tó kún fún eruku,
ọkùnrin kan nídìí sítíárín, fìlà tó ṣẹ́ sí òsì,
ètè tó ká pọ̀ bí ẹni fẹ́ súfèé,
èjìká kan ga ju ìkejì lọ.
Bàbá mi ni.
Fìlà rẹ̀ ni mo dé nítorí ọyẹ́, ìyẹn yé mi.
Èjìká yẹn ńkọ́? Ìgbà wo ni mo gba èjìká yẹn?
Ẹnikẹ́ni kò ya bàbá mi nínú mọ́tò rẹ̀ rí,
àfi kámẹ́rà ìjọba, tó ya mí.

Mo san owó. Mo gba rìsíìtì.
Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tẹ èyí síwèé."
Ó ní wọn kì í fi ẹ̀rí tọrẹ.
Ó wo ẹnu ọ̀nà.
Ó tẹ̀ ẹ́.

Ó wà lára ògiri ìyá mi báyìí,
nọ́ńbà ẹ̀ṣẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.
Màmá kò mọ̀ pé èmi ni. Ó ń kí i láràárọ̀.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, iná pupa tún bá mi ní Ọlá-Ìyá.
Kò sẹ́nì kankan. Ajá yẹn ti lọ.
Mo dúró,
mo tún fìlà ṣe.