Káún Nínú Ìyẹ̀fun

Ọdún mọ́kànlá ni Mùdàṣírù fi ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ẹja àwọn ará Japáàn.
Ó padà sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú àpótí kan, ikọ́ kan,
àti orúkọ oúnjẹ kan tí kò yé mi:
ràmẹ́ẹ̀nì.
Bí mo bá gbé ẹ̀bà síwájú rẹ̀, á jẹ ẹ́ tán,
á dúpẹ́,
á wá máa wo ojú ọ̀sà bí ẹni tó ń retí lẹ́tà.
Èmi náà á máa wo ìpàkọ́ rẹ̀.
Obìnrin wo ló ń sè é fún un?

N kò bi í. Ọdún mẹ́sàn-án, n kò bi í.

Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni mo ra eegun itan màlúù lọ́wọ́ Gàníyù alápatà,
èyí tí mùdùnmúdùn kún inú rẹ̀,
pẹ̀lú ogún ẹsẹ̀ adìẹ.
Ó ní, "Ìyá Súkúrà, ṣé ẹ fẹ́ ṣe ìnáwó ni?"
Mo ní, "Rárá o. Ẹjọ́ ni mo fẹ́ lọ rò."

Mo da omi àkọ́kọ́ nù,
ó dúdú bí omi tí wọ́n fi fọ aṣọ mẹkáníìkì.
Mo tún eegun gbé kaná kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbáà.
Ó ń hó, àwọn apẹja gúnlẹ̀ ní Olúwo,
ó ń hó, wọ́n ta ẹja tán, wọ́n lọ sùn,
omi tó mọ́ gaara wá ki, ó funfun bí ẹ̀kọ mímu.

Súkúrà ń kà á fún mi nínú fóònù:
"Màámi, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n kọ síbí."
Kí wọ́n máa jẹ tiwọn lọ́hùn-ún.
"Wọ́n ní ẹja gbígbẹ tó le bí pákó, tí wọ́n ń fá bíi káfíńtà."
Mo ju ṣawa yíyan mẹ́fà sínú ìkòkò.
"Wọ́n ní omi kan wà tó ń sọ ìyẹ̀fun di pupa rúsúrúsú,
tó ń jẹ́ kó máa fà, kó má já..."

Dúró ńbẹ̀.
Káún nìyẹn!
Káún tí ìyá mi fi ń se ilá,
tó wà nínú agolo mílíìkì lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi
látọjọ́ tí mo ti dé ilé ọkọ.
Ṣé ohun tó lọ rí lókè òkun nìyí?

Èyí tí mo kọ́kọ́ pò korò bí ọṣẹ;
ewúrẹ́ gbóòórùn rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.
Mo dín káún kù. Mo fi ìgò òróró yí i pẹlẹbẹ,
mo gé e tín-ín-rín bí okùn àwọ̀n,
apá ń ro mí, inú ń bí mi,
mo sì ń gé e dọ́gba-dọ́gba.

Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò fọwọ́ kan ṣíbí.
Ó wọlé, ó ṣí àpótí, ó mú igi méjì jáde.
Ó tẹrí ba, ó fà á pẹ̀lú ariwo, fùrùrù,
Súkúrà bú sẹ́rìn-ín.
Ẹnu mi kò gbà á mọ́.
"Ta ló ń sè é fún ọ lọ́hùn-ún?"

Ó nu imú.
"Ẹ̀rọ kan ló wà lẹ́nu ọ̀nà.
Mo máa ń ju owó sí i, á pọ tíkẹ́ẹ̀tì.
Bàbá kan á gbà á lọ́wọ́ mi, kò ní wojú mi.
Kò bi mí lórúkọ rí."
Ó tún fà á.
"Kò bi mí bóyá iyọ̀ tó."

Ṣé iyọ̀ tó?

"Ó kù díẹ̀."

Mo dìde, mo lọ mú iyọ̀ wá.
Ó pẹ́ kí n tó rí i,
bẹ́ẹ̀ iwájú mi ló wà.